Ògúntóyè àti Kọ̀ǹpútà Tó Ń Pín Omi

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ta gìrì, ó ta gìrì, kò bá ẹran, kò bá ẹyẹ, ó bá Ògúntóyè, olùtọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá tó ń pín omi fún ìlú Òkè-Àgbọn.

Ẹ̀yin ọmọ, kọ̀ǹpútà yìí tóbi bí ilé. Òun ló ń ṣí omi fún àdúgbò kan, tó ń tì í fún èkejì. Ọdọọdún ni ẹni tó ṣe é máa ń fi ìlànà tuntun ránṣẹ́, kí wọ́n fi pààrọ̀ ti àtijọ́ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara Ògúntóyè kì í balẹ̀. Bó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gbọ̀n. Bó dìde, ọwọ́ a máa yún un.

Àwọn ará Ìsàlẹ̀ ní, "Tiwa ni kó kọ́kọ́ máa ṣí." Ó wọ inú ìlànà ẹni tó ṣe é, ó yí i. Àwọn ará Òkè ní, "Kí tiwa pẹ́ kó tó tì." Ó tún yí i. Wọ́n ń yìn ín, orí rẹ̀ ń wú, ó ń kọrin:

Ẹ̀rọ ńlá, gbọ́ tèmi o!
*Jáńjálá ń jálá.*
Mo yí ọ sọ́tùn-ún, o yí.
*Jáńjálá ń jálá.*
Mo yí ọ sósì, o yí.
*Jáńjálá ń jálá.*

Àríkẹ́, àgbà obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní, "Ògúntóyè, ẹni tó ṣe é fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ohun tí a bá fẹ́ fi kún un. Má fọwọ́ kan inú. Bí tuntun bá dé ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ti ẹ̀gbẹ́ ń pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ n ṣe é kíá!"

Kò tilẹ̀ kọ ohun tó ṣe sílẹ̀.

Ìlànà tuntun dé, ó pa á tì, kó má bàa ba iṣẹ́ òun jẹ́. Òmíràn dé, ó pa á tì. Lọ́dún kẹta, ẹni tó ṣe é ránṣẹ́: "Ti àtijọ́ ní àlébù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, yóò ti omi pa. Ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀."

Ògúntóyè sáré lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó ki tuntun bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, nítorí inú rẹ̀ kò rí bí ẹni tó ṣe é ti fi í sílẹ̀ mọ́. Ó tún ibí ṣe, ọ̀hún bàjẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò rántí ohun tó ti yí mọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn wọlé wẹ́rẹ́. Omi dá, kẹ́ú!

Gbogbo ìlú ya dé pẹ̀lú korobá. "Ògúntóyè, omi dà?" Ìyàwó rẹ̀ ló ṣáájú wọn, ó gbé ọmọ wọn lọ́wọ́, ọṣẹ ṣì wà lójú ọmọ náà, ó ń ké.

Ló bá sáré tọ Àríkẹ́ lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣẹ̀. Ẹ gbà mí!"

Àwọn méjèèjì jókòó ti ẹ̀rọ náà. Wọ́n ń fi inú rẹ̀ wé ìlànà tí ẹni tó ṣe é fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ń tú ohun tó yí lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, ìlú ń rin ibùsọ̀ mẹ́ta lọ sódò. Nínú ogójì ohun tó yí, mẹ́ta péré ni ẹnikẹ́ni ṣì ń fẹ́. Wọ́n fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àyè ẹ̀gbẹ́, wọ́n ki tuntun bọ inú. Omi dà ṣọ̀ọ̀!

Àwọn àgbà ìlú gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ògúntóyè, wọ́n fún Àríkẹ́. Ògúntóyè dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀."

Ibẹ̀ ni mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí. Bí mo bá purọ́ nínú rẹ̀, kí itọ́ gbẹ lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ọmọ, ó kọ́ wa pé ẹni tó bá fẹ́ tún ohun olóhun ṣe, kó ronú ọjọ́ tí tuntun yóò dé. Iṣẹ́ tó yá lónìí lè dá odindi ìlú dúró lọ́la.