Iyọ̀ Abẹ́ Fìlà Ọ̀kẹ́rẹ́

Àlọ́ o!
Àlọ̀ọ́!

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń ṣọ́ iyọ̀ ìlú. Ó jí díẹ̀ sábẹ́ fìlà, ó gba ìpàdé lọ. Òjò ṣú, iyọ̀ ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, ó ń wú, ó ń kán sí i lójú.

"Kí ló ń kán?" Ẹtu bi í.
"Òógùn ni, ẹ̀gbọ́n."

"Àbí ò ń sunkún?" Ewúrẹ́ bi í.
"Èéfín ni, ìyá."

Ẹ bá mi gbè é:
Iyọ̀ ń mumi o!
*Fìlà, má tú u!*

Ni Ọba Erin bá wọlé. A kì í dé fìlà kí ọba. Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣí tirẹ̀. Iyọ̀ tútù lẹ̀ mọ́ ọn lórí.

Ọba rọra ní, "Kí ló dé tí o ò bèèrè, ọmọ mi?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ìbá fara mọ́ pàṣán ju ìbéèrè yẹn lọ.