Adìẹ Dòyìnsọ́lá àti Ẹ̀rọ Tó Fẹ́ Fò Kọjá Odò

Ojú ọjọ́ kì í gbọ́ tẹni tó ń kánjú,
Ẹyẹ tó fò kí ìyẹ́ rẹ̀ tó pé, ilẹ̀ ní í gbà á lálejò,
Wọ́n dífá fún Dòyìnsọ́lá, opó oníṣòwò aṣọ ní ìlú Ìgbòkè,
Níjọ́ tó kówó lé ẹ̀rọ tó fẹ́ fò, tó wá ń fi omi ojú wo òkè.

Ẹ má wojú ara yín. Ifá tó mọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi mọ̀rọ̀ tòkè náà. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Odò ńlá kan ló pààlà láàárín Ìgbòkè àti àwọn abà rẹ̀. Bí òjò bá ti le, ọkọ̀ ojú omi kì í lè sọdá. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ejò bu ọkọ Dòyìnsọ́lá ṣán lóko. Oògùn wà ní ọsibítù ìlú, kò sẹ́ni tó lè gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọkùnrin náà sì kú. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Ìṣọ̀lá, ní òun fẹ́ ṣe dúróònù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò láìní awakọ̀, tí yóò máa gbé oògùn ejò sọdá, obìnrin yìí ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ta ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kó owó náà sí iléeṣẹ́ Ìṣọ̀lá. Olóyè Láṣebìkan náà dáwó sí i, nítorí ó gbọ́ pé èrè wà níbẹ̀.

Ìṣọ̀lá ní kí òjò tó dá, ẹ̀rọ yóò ti máa sọdá. Òjò dá, ó ní ìdánwò kò tí ì tó. Ọyẹ́ dé, ẹ̀rọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í já. Á gbéra dáadáa, á fò dé ìsàlẹ̀ odò níbi tí ojú ò ká a mọ́, á sì já lulẹ̀. Ìṣọ̀lá á tún un ṣe, á tún já. Àwọn ará ìlú ní Dòyìnsọ́lá ra ẹyẹ tó ń bẹ̀rù òkè.

Ọkàn obìnrin náà ò balẹ̀ mọ́. Bó bá yọwó, iléeṣẹ́ kú nìyẹn, àwọn ará abà á sì máa kú bí ọkọ rẹ̀ ṣe kú. Bí kò bá yọ ọ́, ìṣẹ́ lè wọlé tì í. Òun àti Olóyè bá tọ àwọn awo lọ. Wọ́n ní kí wọ́n má kánjú, wọ́n ní ohun tó ń dá wọn dúró ni yóò gbà wọ́n. Wọ́n ní kí wọ́n fi àgbébọ̀ adìẹ tòun tọmọ rúbọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n má pa á. Kí wọ́n tú u sílẹ̀ ní pápá tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ wò, kí wọ́n sì máa fọwọ́ ara wọn bọ́ ọ títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Olóyè bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi Láṣebìkan, nínú pápá, lẹ́yìn ọmọ adìẹ?" Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tí ì ṣú tó fi yọwó rẹ̀.

Dòyìnsọ́lá rúbọ. Kó tó kó adìẹ lọ, ó ṣe ohun tí àwọn obìnrin tó ń sin adìẹ ní Ìgbòkè máa ń ṣe: ó po aró pupa, ó rẹ àwọn ọmọ náà sínú rẹ̀ kí àwòdì má baà gbé wọn. Nígbà tó dé pápá, Ìṣọ̀lá rò pé ìjà ló bá wá. Obìnrin náà kàn kí i kú iṣẹ́, ó da àgbàdo fún adìẹ. Ojoojúmọ́ ló ń lọ. Ó wù ú kó béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa parí, ṣùgbọ́n àgbàdo ló tún ń dà sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni àwòdì kan ti ìsàlẹ̀ odò wá. Ọmọ adìẹ ló ń bọ̀ wá gbé. Ó já wálẹ̀, ó rí àwọ̀ tí kò mọ̀ rí, ó yí padà. Bó ṣe ń gòkè lọ ló pàdé ẹ̀rọ. Ó fi èékánná gbá a, ẹ̀rọ bá já lulẹ̀ níwájú wọn.

Ìṣọ̀lá sáré débẹ̀. Ó ní, "Àṣé àwòdì ló ń já a lulẹ̀ látọjọ́ yìí. Màmá, kí ló dé tó fi ọmọ adìẹ yín sílẹ̀, tó wá gbéjà ko tèmi?"

"Mo rẹ tèmi láró," ni Dòyìnsọ́lá wí. "Ìwọ ò rẹ tìẹ."

Wọ́n jọ wo ẹ̀rọ funfun tó wà nílẹ̀, ẹ̀rín sì pa wọ́n títí wọ́n fi jókòó.

Ìṣọ̀lá kun ẹ̀rọ ní pupa. Àwòdì ń yí i ká, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ó wá ń bẹ Dòyìnsọ́lá pé òun ṣì fẹ́ dán an wò sí i. Obìnrin náà ní, "Dán an wò. Adìẹ mi ò tí ì yó." Ó ti yé e nígbà yẹn pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwòdì máa ń dé. Ká ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákòókò òjò ni, inú odò ni oògùn ì bá máa bọ́ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí aláìsàn á sì máa retí rẹ̀.

Òjò tún dé, odò kún. Ejò bu ọmọbìnrin kan ṣán ní abà. Ẹ̀rọ pupa gbéra, ó sọdá, ọmọ náà sì yè. Dòyìnsọ́lá dúró létí odò, ó sunkún ọkọ rẹ̀, ó sì jó. Ó ń yin awo, awo ń yin Ifá.

Kò pẹ́ tí Olóyè Láṣebìkan fi dé, ó ní òun fẹ́ tún dáwó sí iléeṣẹ́ náà. Dòyìnsọ́lá kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Àyè wà, Olóyè. Ẹ wá bá wa bọ́ adìẹ."

Ó gbẹ́bọ, ó rú, ó fi sùúrù tì í lẹ́yìn,
Ohun tó dá a dúró ló gbà á.
Ẹ̀yin tí ẹ ń kánjú, ẹ bi Olóyè Láṣebìkan wò:
Àgbàdo ló wà lápò agbádá rẹ̀ báyìí.