Mẹkáníìkì Tó Tún Ẹ́ńjìnnì Tú

Ọkùnrin kan wà tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní abúlé kan nísàlẹ̀ òkè. Ọ̀nà tó gba abúlé náà lọ sí àwọn ìletò orí òkè ga, ó sì rí gbágungbàgun, ọ̀kadà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò bá dá ṣáṣá kò ní dé ìdajì rẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Bàbá Motúnráyọ̀ ni wọ́n ń pè é, orúkọ àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni.

Ó ní àṣà kan tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá ti to ẹ́ńjìnnì tán, kì í fẹsẹ̀ ta á lójú ẹsẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Á kọ́kọ́ fi sípánà mú nọ́ọ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, á sì máa fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ọwọ́ ń sùn sí. Àwọn ọlọ́kadà á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ kúkú mọ̀ wọ́n, wọ́n mọ ẹ́ńjìnnì ju ẹni tó ṣe é lọ, ẹnu ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tó wà lábúlé náà ti ọ̀kadà rẹ̀ wá. Orí ẹ́ńjìnnì náà ń dún kọ̀kọ̀kọ̀, kò sì lágbára àtigun òkè mọ́. Kúlà kan wà lẹ́yìn ọ̀kadà náà tó kún fún yìnyín, abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ló sì wà láàárín yìnyín yẹn. Ìletò kan lórí òkè ló ń gbé e lọ. Àìsàn kan ti mú ọmọ lọ ní ìletò tó múlé tì í, ọkàn àwọn ìyá kò sì balẹ̀ mọ́. Bí yìnyín bá yọ́ tán kí nọ́ọ̀sì tó débẹ̀, abẹ́rẹ́ náà á bàjẹ́, òmíràn kò sì ní tètè ti ìlú dé.

Bàbá Motúnráyọ̀ tú orí ẹ́ńjìnnì, ó sì rí ohun tó ń dún. Kámúṣáàfù ni. Irin kékeré kan ni, ó ní gegele lára, bó ṣe ń yí ló ń tẹ àwọn fáàfù, ìyẹn ìdérí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé jáde, kí wọ́n lè ṣí kí wọ́n sì padé lásìkò. Gegele ti èyí ti jẹ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú.

"Nọ́ọ̀sì, èyí ò lè gbé yín dókè," ló wí. "Tuntun wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jókòó, ẹ sinmi díẹ̀."

Ó yí ẹ́ńjìnnì títí àmì ara rẹ̀ fi bọ́ sójú ibi tó yẹ. Ó fi wáyà so ṣéènì inú rẹ̀ kó má baà já bọ́ sísàlẹ̀. Ó yọ irin àtijọ́, ó fi ọ́ìlì pa tuntun lára, ó tì í sáyè rẹ̀, ó sì gbé ṣéènì kọ́ ọn. Ó wo àmì, àmì kojú àmì. Ìgbà tó kù kó di gbogbo rẹ̀ pinpin ni wọ́n pe ìrun ọ̀sán. Ó fọ ọwọ́, ó sì lọ kírun.

Ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ẹni tó bá wá ṣeré kì í káwọ́ gbera. Ẹni kan á fọ bóòtù, ẹni kan á nu epo. Bí wọ́n ṣe ń fìfẹ́ hàn síra wọn nìyẹn. Alága àwọn ọlọ́kadà wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí mẹkáníìkì padà dé, kò wo àmì mọ́. Ó ti wò ó kó tó lọ. Ó di bóòtù, ó ti irin tó ń fa ṣéènì le bọnú, ó bo orí ẹ́ńjìnnì, ó sì mú sípánà rẹ̀. Ó ń yí i jẹ́jẹ́. Ẹ́ńjìnnì yí díẹ̀, ó sì dúró gbọn-in. Ó dá a padà sẹ́yìn, ó tún yí i wá. Ibi kan náà ló tún ti dúró.

"Bàbá, ohun tuntun ni, ó gbọ́dọ̀ le!" Alága ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Ẹ fẹsẹ̀ ta á jàre, á là fúnra ẹ̀."

"Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ló le yẹn," ẹlòmíràn tún sọ.

"Afẹ́fẹ́ wo?" mẹkáníìkì dáhùn. "Púlọ́ọ̀gì rèé nílẹ̀, ihò rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nǹkan míì ló ń dí i lọ́wọ́."

Nọ́ọ̀sì ṣí kúlà, ó wo inú rẹ̀, ó sì pa á dé kíákíá. "Bàbá Motúnráyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Yìnyín yìí ti ń yọ́."

Ojú ti ọkùnrin náà. Mẹkáníìkì tó bá de ẹ́ńjìnnì tán tó tún ń tú u lójú gbogbo ayé, wọ́n á ní kò mọṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà á sì ti dé ọjà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó mọ̀ pé bóun bá fẹsẹ̀ ta á, ó lè jí. Ó tún mọ̀ pé bí ohun tó ń dí i bá jẹ́ pé písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, ń kan fáàfù, ìpá kan péré á tẹ fáàfù náà wọ́, kò sì sí òmíràn ní gbogbo abúlé. Ọ̀kadà náà á kú síbẹ̀, abẹ́rẹ́ náà á sì bàjẹ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ orí òkè wà lọ́kàn rẹ̀, yẹ̀yẹ́ tí wọ́n máa fi í ṣe náà sì wà níbẹ̀, ká má parọ́.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbé kúlà yẹn sábẹ́ òjìji, kẹ́ ẹ sì da aṣọ bò ó," ló wí níkẹyìn. "Mo fẹ́ tún un tú."

Alága pòṣé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà tú u. Nígbà tó ṣí i, ó rí i pé àmì kò kojú àmì mọ́. Ṣéènì ti fo eyín kan.

Alága náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá, èmi ni," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìgbà tẹ́ ẹ lọ kírun, mo fọwọ́ yí i díẹ̀, kí ọ́ìlì lè kárí. Mo rò pé mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni."

Inú bí mẹkáníìkì, inú bí i gan-an. Ó ní ohun tó pọ̀ láti sọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ó wo kúlà tó wà lábẹ́ aṣọ, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Ó ti ṣẹlẹ̀ ná. Èmi náà ni mi ò tún un wò. Ẹ wá bá mi di ṣéènì yìí mú, ẹ má jẹ́ kó mì."

Alága kúnlẹ̀ sínú epo pẹ̀lú ṣòkòtò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọ́n dá àmì padà sójú àmì, wọ́n jọ dè é. Mẹkáníìkì mú sípánà, ó yí i. Ẹ́ńjìnnì yí kárí, ó tún yí kárí, kò kọ́ níbì kankan. Ó tún ṣí i wo, àmì ṣì wà lójú àyè. Ó ṣètò àlàfo fáàfù, ó dé púlọ́ọ̀gì, ó wá fẹsẹ̀ ta á. Ó jí lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn rẹ̀ sì lọ geere.

Nọ́ọ̀sì kò lè dúró dúpẹ́ tán. Alága gun ọ̀kadà tirẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó rán an. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, àwọn ìyá ṣì jókòó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, yìnyín ìsàlẹ̀ kúlà kò sì tíì yọ́ tán. Gbogbo ọmọ ló gbabẹ́rẹ́. Wọ́n sunkún kíkankíkan, ẹkún náà sì dùn mọ́ àwọn ìyá wọn.

Ìwọ tí o jókòó níwájú mi láàárọ̀ yìí, ìwọ ni mo ń bá wí. Àwọn àgbà ti parí ìjà àárín ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹ ti jọ jẹun, ẹ sì ti ya fọ́tò. O wá sọ fún mi pé bẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá ti débì kan, ńṣe ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń dákẹ́. O ní kẹ́ ẹ ṣáà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oko kòkó bàbá yín pa pọ̀, pé tó bá yá, ara á mọ́ ọn. Má ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ibi tó ti ń dákẹ́ yẹn, ohun kan wà níbẹ̀ tí kò tíì bọ́ sáyè, ipá kò sì lè mú un bọ́ síbẹ̀. Tún ọ̀rọ̀ náà tú. Ìwọ nìkan ni kó o lọ, má kó àgbà kankan lẹ́yìn. Wí fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo sọ tó ṣì ń dùn yín?" Kó o wá pa ẹnu rẹ mọ́, kó o gbọ́ ọ dópin, kó o má sì wádìí ẹni tó kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́. Wọ́n á ní ìparí ìjà yín kò dúró. Jẹ́ kí wọ́n wí. Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lọ́kàn ẹ̀gbọ́n rẹ, mo sì mọ̀ pé ó ń fẹ́ kẹ́nì kan bi òun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í tètè jáde nílé láàárọ̀. Dìde, kó o lọ bá a.