Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ẹtì

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ìgbàyí, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Fẹ̀hìntọlá. Ó mọ̀wé, ó sì níwà, ṣùgbọ́n kì í sọ tinú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Màmá Àbẹ̀ní, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń wá kọ́ wọn bí a ti ń bá ayé gbé: bí èèyàn ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu, bó ṣe ń gbé ìṣòro rẹ̀ tọ ẹni tó yẹ lọ. Nítorí pé wọn kì í ṣe ìdánwò rẹ̀, eré lásán ni ọ̀pọ̀ wọn kà á sí. Bí Màmá bá bi Fẹ̀hìntọlá pé, "Kí ló ń wúwo lọ́kàn rẹ, ọmọ mi?" èsì rẹ̀ kì í ju pé, "Kò sí nǹkan kan, Mà."

Nígbà ìsinmi ọdún kejì, ìyá rẹ̀ kú. Létí sàréè, bàbá rẹ̀ sọ fún un pé, "Ọkùnrin ni ọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí omijé lójú rẹ." Fẹ̀hìntọlá padà sílé-ẹ̀kọ́ láìwí fún ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ògúnmọ́dẹdé tí wọ́n jọ ń gbé yàrá béèrè ohun tó ń ṣe é títí, ó sú u.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wò ó bó ṣe ń kọ́ni pé. Àwọn olùkọ́ àgbà jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Fẹ̀hìntọlá mú ẹfun, ó kọ "ìyá" sójú pátákó, ó yíjú sáwọn ọmọdé kí wọ́n lè máa pè é tẹ̀ lé e. Ó la ẹnu. Ohùn kò jáde. Ẹfun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi lè sọ̀rọ̀. Màmá Àbẹ̀ní kàn jókòó tì í lórí ibùsùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ni. Lọ́jọ́ kẹrin, Fẹ̀hìntọlá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Màmá, ìyá mi ti kú." Ó bú sẹ́kún.

Ògúnmọ́dẹdé, tó dúró nítòsí, figbe ta: "Oṣù mẹ́ta la ti jọ ń sùn sí yàrá kan, o ò sọ fún mi! Èmi náà ò níyàá. Ṣé mi ò ní bá ọ sunkún ni?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá Fẹ̀hìntọlá. Màmá sọ fún un pé, "Ẹnu ọmọ yìí ló kọ́kọ́ dákẹ́, Bàbá. Ara ló tẹ̀ lé e." Bàbá jókòó ti ọmọ rẹ̀, òun náà sì sunkún lójú gbogbo wọn.

Ara Fẹ̀hìntọlá yá, ṣùgbọ́n ó pàdánù odindi ọdún kan. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe fún ọmọ tó bá ń di ẹrù ilé-ẹ̀kọ́ pé: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.