Iná Tí Òkété Kó Lọ Sórí Òkè

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín rẹlẹ̀ jù, àfi bíi pé ẹ ò tíì jẹun. Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìbídùnní, gbé kọ̀ǹpútà yẹn sílẹ̀, nítorí rẹ ni mo ṣe fẹ́ pa àlọ́ yìí. O ní o ń kó orin ìlú wa kúrò nínú ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ sínú tuntun, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń gbà á lọ́dọ̀ rẹ lọ́wọ́lọ́wọ́. Gbọ́ bí Òkété ṣe ṣe tirẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, ìdí ààrò Òkété ni gbogbo ẹranko ti ń fọnná. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: bí o bá fọnná lónìí, o ó mú igi wá lọ́la. Gbogbo wọn ló ń mú un wá, àfi Ìjàpá. Òun á gba iná tán, á ní igi òun ṣì tutù.

Lọ́dún kan, ògiri Òkété lanu, òjò ńlá sì ń bọ̀. Ó kọ́ ilé tuntun sórí òkè. Ó pinnu pé iná tí ìyá òun fi sílẹ̀ ò ní kú lọ́jọ́ tí òun bá ń kó lọ, ẹni tó bá sì wá fọnná lọ́jọ́ náà ò ní padà lọ́wọ́ òfo.

Ìjàpá bi í pé kí ló dé tí yóò fi máa dá iná méjì. Ó ní kó pa ti ìsàlẹ̀, kó kó gbogbo ògúnná sínú ìkòkò kan, òun á bá a gbé e.

Òkété ní, "Ìjàpá, n kò ní pa ti àtijọ́ títí ti tuntun á fi se iṣu jinná."

Ó fi àpáàdì mú ògúnná kan péré, ó gun òkè lọ, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn aládùúgbò. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí, Ìjàpá kó gbogbo ògúnná tó kù sínú ìkòkò, ó da omi sí ààrò. Ó rò ó pé ọ̀dọ̀ òun ni wọn yóò ti máa fọnná, iṣu ni wọn yóò sì máa fi gbà á. Kí ẹnikẹ́ni má baà rí èéfín, ó dé ìkòkò náà pinpin.

Lórí òkè, amọ̀ ààrò tuntun ò tíì gbẹ. Iná Òkété ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó bá eérú tútù. Inú rẹ̀ bàjẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbọ̀n, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kò jókòó sunkún. Ó rántí pé Àgbọ̀nrín fọnná láàárọ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ náà fọn. Ó lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí àpáàdì rẹ̀ fi kún. Ó kó ti àkọ́kọ́ sínú ààrò tuntun títí amọ̀ rẹ̀ fi gbẹ, ó fi ìyókù dáná. Iṣu jinná.

Ìgbà tí Ìjàpá ṣí ìkòkò, eédú dúdú ló bá níbẹ̀. Òtútù lé e gun òkè, tòun ti ìkòkò lọ́wọ́. Òkété wo inú ìkòkò, ó ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀.

"Igi rẹ dà?"

Kò ní igi kankan. Ó padà sílé, ó tú ibùsùn onígi rẹ̀, ó ru igi náà wá. Òkété gbà á, ó fún un níná. Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá ti ń fi àyà sùn nílẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé, Ìbídùnní. Má pa àtijọ́ títí tuntun á fi dúró dáadáa, má sì dẹ́kun fífún èèyàn nígbà tí o bá ń kó lọ. Ọwọ́ tó gbà lọ́wọ́ rẹ lánàá ni yóò dá a padà fún ọ lọ́jọ́ tí iná bá kú.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń rẹ́rìn-ín Ìjàpá, ta ni kò tíì mú igi wá sídìí ààrò mi lónìí?