Egungun Ewúrẹ́ àti Igbe Rẹ̀

Mo fi ahọ́n kan ọ̀bẹ, òtítọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí. Ó dára, kí n má baà gé ahọ́n mi: ó ku ibi kékeré kan kó jẹ́ òtítọ́ tán.

Ní Ejìgbò wa, níbi tí Àbíjáǹ kò ti jìn lójú ẹnikẹ́ni, Ọ̀gá Àjàmú ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ́ni níṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo, arúgbó ẹ̀rọ, ni èmi àti Àǹtí Ìbídùn jọ ń lò. Èmi ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, mo wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àǹtí ń kọ́ Faransé, torí ọkọ wọn ń retí wọn ní Àbíjáǹ.

Olúkúlùkù wa ló ní àfikún tirẹ̀, ìyẹn irinṣẹ́ kékeré tí a so mọ́ aṣàwákiri tí a fi ń ṣí ojú ewé. Tèmi máa ń tú ojú ewé wò dé egungun: àwọ̀ tí wọ́n fi kùn ún, àṣẹ tó gbé e ró. Ó tún lè yí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ padà lójú gíláàsì ẹ̀rọ tiwa nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ “Àjàmú, Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà” tó wà lójú ewé ṣọ́ọ̀bù wa di “Àjàmú, Ọ̀gá Kọ̀ǹkọ̀”. Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú, wọ́n rò pé gbogbo ayé ti rí i. Ti Àǹtí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì di Faransé lójú ẹsẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà dákú sí wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀gá gbaná jẹ.

“Ẹrù yín wúwo jù! Àfikún kan máa kúrò lónìí. Ojú ewé Bàbá Onírin tó ń ṣe ẹ̀rọ ìrin-gbágùúdá ti dàrú, gbogbo àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí lọ. Èyí tó bá rí ohun tó ṣe é nínú méjèèjì ló máa dúró.”

Bí tèmi bá kúrò, iṣẹ́ mi parí nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ni màá padà sí.

Mo tú ojú ewé náà. Egungun rẹ̀ pé. Àmọ́ níbi àṣẹ tó ń sọ àwọ̀, mo rí ọ̀rọ̀ kan: “couleur”. Mo wò ó títí, kò yé mi.

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. “Àlàmú, olójú má ríran! Faransé nìyẹn. Àwọ̀ ló túmọ̀ sí.”

“Háà! Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ẹ̀rọ ń gbọ́ níbẹ̀. Ẹnì kan ló da àṣẹ yìí kọ láti ojú ewé tí àfikún yín ti tú sí Faransé.”

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. “Ó tán! Àfikún Ìbídùn ló ba iṣẹ́ jẹ́. Yọ ọ́!”

Kí n ṣáà dákẹ́ ni, tèmi ti dúró. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Àǹtí.

“N ò yọ ọ́. Ọ̀gá, ta ló da àṣẹ náà kọ?”

Ọ̀gá nìkan ló ń fọwọ́ kan iṣẹ́ Bàbá Onírin.

“Àfikún mi rí egungun,” mo ní, “kò gbọ́ ohun tó ń wí. Ẹni tó rí egungun ewúrẹ́ kò tíì gbọ́ igbe rẹ̀.”

Ọ̀gá fò dìde. “Ìwọ ọmọ yìí! O pòwe lójú mi, o ò wí pé tótó ó ṣe bí òwe?”

“N ò wí i. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, tàbí kí ẹ yọ méjèèjì, kí ẹ sì yọ èmi náà.”

Ọ̀gá wò mí, wọ́n wo Àǹtí. Wọ́n jókòó, wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọ̀ ojú ewé tú yáyá padà. Wọ́n mí kanlẹ̀: “Wàá rí òmíràn pa.”

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ṣọ́ọ̀bù wa fi ń pa á lówe pé ẹni tó rí egungun ewúrẹ́ kò tíì gbọ́ igbe rẹ̀.

Ibi tí mo ti purọ́ rèé: Ọ̀gá kò sọ “Wàá rí òmíràn pa”. “Kúrò lójú mi!” ni wọ́n sọ. Àfikún tèmi nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa yọ ọ́.