Fìlà Baálẹ̀ Dàda

"Orí là á bi léèrè ká tó gé aṣọ fìlà." Ẹ ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, ẹ̀yin náà sì ti ń fi í dá ara yín lóhùn. Ṣé ẹ mọ ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́? Ṣé ẹ mọ orí tí wọ́n bi, àti ẹni tó bi í? Bí àwọn ìyá àgbà ṣe ń sọ ọ́ nídìí òwú ríran ni a ó ṣe sọ ọ́ níhìn-ín, a kò ní bù ú kù.

Ní Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́, aránfìlà kan wà tí ń jẹ́ Ayélàágbé. Ọwọ́ rẹ̀ dá bí ẹnu ẹyẹ ẹ̀gà tó ń hun ìtẹ́. Kì í fi okùn wọn orí ẹnikẹ́ni. Tí o bá ti gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti mọ bí orí rẹ ṣe tó. Aṣọ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń yàn án: sányán fún olóyè, ẹtù fún àgbà tó rí jájẹ, kíjìpá fún àgbẹ̀. Bí ipò ènìyàn bá ti rí ni aṣọ fìlà rẹ̀ ń rí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹnì kan kò sì dá fìlà padà fún un.

Nígbà tó yá, Baálẹ̀ ìlú náà papò dà, oyè sì kan ọmọ rẹ̀, Dàda. Orúkọ yìí ti sọ irú orí tó gbé wáyé. Irun rẹ̀ ti ta kókó láti inú ìyá rẹ̀. Abẹ kì í kàn án, òòyà kì í kàn án, ó sì ti balẹ̀ dé èjìká ní ìdì ìdì bí ìtàkùn ara ìrókò. Èèwọ̀ ni kí ọwọ́ ẹlòmíràn kan irun náà, àfi ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, àbúrò bàbá rẹ̀ gé ìdì kan ṣoṣo kúrò níbẹ̀, ibà sì dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì. Ìyá rẹ̀ kò gbàgbé.

Bẹ́ẹ̀, òfin oyè wọn le. Lọ́jọ́ ìwúyè, Baálẹ̀ tuntun yóò dé fìlà, yóò fi ẹsẹ̀ rìn yí ìlú po nínú oòrùn, kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan fìlà náà. Bó bá bọ́ lórí rẹ̀ kó tó padà dé ojúlé bàbá rẹ̀, oyè bọ́ nìyẹn, ilé kejì tó ń jẹ Baálẹ̀ ni yóò gbà á. Jagun ni olórí ilé kejì.

"Ẹ bá a fá a," ni Jagun wí níwájú àwọn ìjòyè. "Fìlà wo ló fẹ́ dúró lórí igbó?"

Ìyá Dàda wà níbẹ̀. Ó ní, "Jagun, igbó ṣì ń di nǹkan mú. Orí tiyín tó ti pá yẹn, kí ló fẹ́ dì í mú?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba ìyá náà. Bí wọ́n bá fá irun ọmọ rẹ̀, ó lè pàdánù ọmọ. Bí wọn kò bá fá a, ó lè pàdánù oyè. Ayélàágbé ló ní kó fọkàn balẹ̀, ó ní òun yóò rán fìlà tí yóò gba irun náà tìrùtìrù.

Ó mú sányán tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó rán an, ó ṣe ọnà sí i lára. Dàda fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé e, ó bá a mu bí èèpo ṣe ń bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ mu. Ó rin àgbàlá yí ká lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó fẹ́ ṣí i ni wàhálà dé. Okùn sányán tó le ti kọ́ irun náà láti inú, bí ẹ̀gún ṣe ń kọ́ aṣọ. Ìdì méjì já tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹ̀jẹ̀ sì yọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ara Dàda ti gbóná. Ìyá rẹ̀ se ẹ̀wà, ó pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò láti fi bẹ orí ọmọ rẹ̀. Ẹnu Jagun ni wọ́n ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì pé fìlà ti kọ Dàda.

Ayélàágbé kò lè jẹun. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ọgbọ̀n ọdún lẹ ti ń wo orí ènìyàn. Èwo nínú wọn lẹ bá sọ̀rọ̀ rí?"

Ó ní, "Kò sí."

"Tóò," ni Àwẹ̀ró wí, ó sì gbé àwo lọ.

Nígbà tí ara Dàda balẹ̀, Ayélàágbé lọ bá a. Ó ṣí fìlà orí ara rẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, òun tó ti bí irú Dàda lọ́mọ. Ó ní, "Dàda, ọmọ mi, mo ṣìṣe. Aṣọ wo ni orí rẹ fẹ́?"

Dàda wò ó. "Bàbá, ẹnikẹ́ni kò bi mí rí. Èmi gan-an kò mọ̀."

"Jẹ́ ká jọ bi í nígbà náà."

Ó gé aṣọ márùn-ún ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní kí Dàda máa fi ẹyọ kan di orí lójúmọ́ kan, kó lọ sóko, kó ṣiṣẹ́ rẹ̀, kó sì gbé e wá nírọ̀lẹ́. Ìyá Dàda fi aṣọ ògbólógbòó kan di márààrún fún un. Nírọ̀lẹ́, Ayélàágbé á tẹ́ èyí tí Dàda bá gbé wá sórí itan, á wo inú aṣọ, á sì wo irun láti ọ̀ọ́kán, kò ní fi ọwọ́ kàn án. Sányán tún kọ́ irun, díẹ̀ ló kù kó fà á já. Kíjìpá tuntun da fọ́nrán òwú sínú irun náà bí ẹni wọ igbó àràbà. Aró ẹtù ṣàn mọ́ òógùn, ó pa ọrùn Dàda láró. Àlàárì yọ̀ bọ́ kó tó dé oko. Àrán ní tirẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ pọ̀ débi pé orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Aṣọ tán. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí wọ́n wúyè.

Lọ́jọ́ kẹfà, Dàda dé láti oko, orí rẹ̀ sì wà ní dídì.

"Kí lo wé mọ́rí yẹn?" ni Ayélàágbé bi í.

"Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn aṣọ yín ti sú orí mi. Èyí tí a fi di wọ́n ni mo wé, kó lè sinmi díẹ̀."

"Ìgbà wo lo ti wé e?"

"Láàárọ̀. Mo tilẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀. Mo fi gun ọ̀pẹ mẹ́ta."

Ayélàágbé gba aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ. Irun kankan kò sí lára rẹ̀, fọ́nrán kankan kò sí lórí Dàda. Ọ̀já ni, ọ̀já tí ìyá rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n, tí wọ́n ti fọ̀ ní àfọ̀túnfọ̀ títí tó fi rọ̀ bí etí ọmọ ewúrẹ́. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín ní òun nìkan.

Ìyá Dàda wà níbẹ̀, òun ni kò rẹ́rìn-ín. "Àkísà lórí Baálẹ̀? Kí ni Jagun yóò wí?"

"Ìyá Dàda, àwọn ará ìta ló ni ìta fìlà. Orí ló ni inú."

Ó fi sányán ṣe ìta, ó fi ọ̀já tẹ́ inú, ó sì rán àpò jíjìn kan sẹ́yìn rẹ̀ tí irun yóò fi rọra sùn sí.

Ọjọ́ pé. Gbogbo ìlú tẹ̀ lé Dàda. Oòrùn mú, òógùn ṣàn, fìlà dúró. Nígbà tí wọ́n jáde sí gbangba etí odò, afẹ́fẹ́ dé lójijì, ó gbé eruku, ó gbé ewé, ó sì gbé fìlà kan. Ojú gbogbo ènìyàn yí sọ́dọ̀ Dàda. Ti Dàda wà lórí rẹ̀. Fìlà Jagun ló ń yí gbirigbiri lọ sínú odò, tí orí rẹ̀ sì ń dán nínú oòrùn.

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín rín in. Ayélàágbé kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ odò dé orúnkún, ó mú fìlà náà, ó fún omi rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ẹni tó ni ín.

"Ẹ má bínú, Jagun. Èmi ni mo rán an. Oyè yín ni mo wò, mi ò bi orí yín. Orí là á bi léèrè ká tó gé aṣọ fìlà."

Dàda délé bàbá rẹ̀ tòun ti fìlà lórí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí Ayélàágbé tó ṣí ìsọ̀ tán, Jagun ti jókòó síwájú rẹ̀, ó ti ṣí orí.

"Mo ti dé," ni ó wí. "Bi í."

Ìdí òwe náà nìyí. Ẹni tó bá ń gbé ire bọ̀ fún ọmọnìkejì láìbéèrè ohun tó ń fẹ́ ni àgbà ń pa á fún: bàbá tó ń yan iṣẹ́ fún ọmọ, ọmọ tó kọ́ ilé sí ìgboro fún ìyá tí ọkàn rẹ̀ wà lóko. Aṣọ rẹ lè wọ́n, ọwọ́ rẹ sì lè dá ju ti Ayélàágbé lọ. Lọ bi ẹni tí yóò gbé e rù ná. Orí là á bi léèrè ká tó gé aṣọ fìlà.